Sàkómà tó Tàn dé Páńkíríásì: Àyẹ̀wò Ohun tí Ìmọ̀ Ìṣègùn ti Rí

Ẹ̀yìn àpòlúkù ni páńkíríásì wà, ó nà gbalaja níwájú eegun ẹ̀yìn, gígùn rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 15 lọ. Òun ló ń pèsè ínsúlíìnì tó ń kápá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, òun náà ló ń da omi tó ń mú oúnjẹ dà sínú ìfun. Bí dókítà bá rí kókó níbẹ̀, jẹjẹrẹ páńkíríásì gan-an ni ọkàn rẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ sí. A ò lè dá a lẹ́bi: nínú 100 jẹjẹrẹ tí wọ́n bá bá níbẹ̀, nǹkan bíi 2 sí 5 péré ló jẹ́ àlejò tó ti ibòmíràn wá. Kíndìnrín ni ọ̀pọ̀ irú àlejò bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Èyí tí a fẹ́ yẹ̀ wò níbí ṣọ̀wọ́n ju ti kíndìnrín lọ fíìfíì.

Sàkómà ni jẹjẹrẹ tó ń bẹ̀rẹ̀ nínú ẹran ara, ọ̀rá, iṣan tàbí òpó ẹ̀jẹ̀. Kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú 100 jẹjẹrẹ àgbàlagbà lọ, síbẹ̀ oríṣi rẹ̀ lé ní 70. Inú ẹ̀jẹ̀ ló sábà máa ń bá rìn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀dọ̀fóró ló máa ń kọ́kọ́ yà sí. Ìròyìn nípa aláìsàn kan ṣoṣo ni púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa èyí tó dé páńkíríásì, nítorí náà kò yẹ kí a máa fọwọ́ sọ̀yà lórí ìṣirò kankan nípa rẹ̀.

Èyí tó gba àròjinlẹ̀ jù nínú wọn ni alveolar soft part sarcoma, tí Christopherson, Foote àti Stewart ṣàpèjúwe ní ọdún 1952. Àwọn ọ̀dọ́ ló ń bá jà jù, láti nǹkan bí ọmọ ọdún 15 sí 35. Itan ni ó sábà máa ń mú lára wọn. Lára ọmọdé, ó lè jẹ́ ahọ́n tàbí ihò ojú. Kókó náà kì í dunni, kì í sì í yára dàgbà, ẹni tó ní in lè máa rò pé ibi tí òun ti fara gbá ló wú. Ohun tó fà á ti hàn: krómósómù X àti ìkẹtàdínlógún á já, á sì so mọ́ ara wọn lódì, jíìnì ASPSCR1 á wá lẹ̀ mọ́ TFE3. Òpó ẹ̀jẹ̀ kún inú rẹ̀ bámúbámú. Bí wọ́n bá fa oògùn àwòrán sínú iṣan aláìsàn lórí ẹ̀rọ CT, kíá ni kókó náà máa tàn yòò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti kíndìnrín náà ń ṣe, bẹ́ẹ̀ sì ni kókó tó ń ti ara sẹ́ẹ̀lì họ́mọ́ònù páńkíríásì fúnra rẹ̀ ń ṣe. Àwòrán nìkan kò lè là wọ́n. Ọ̀pọ̀ ọdún lè ti kọjá lórí iṣẹ́ abẹ itan kí ti páńkíríásì tó yọjú, nígbà tí aláìsàn fúnra rẹ̀ ti gbàgbé. Abẹ́rẹ́ kẹmó àtijọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí atezolizumab fún un, láti orí ọmọ ọdún méjì sókè.

Leiomyosarcoma, oríṣi sàkómà mìíràn tó máa ń ti ilé ọmọ wá, kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ìju, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní fáíbírọ́ìdì, pọ̀ láàrin àwọn obìnrin wa. Ìju kì í ṣe jẹjẹrẹ. Àmọ́ ní ọdún 2014, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà ṣírò rẹ̀ pé nínú obìnrin 350 tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ ìju fún, ọ̀kan lè ní sàkómà tí ẹnikẹ́ni kò fura sí. Bí wọn kò bá gbé ohun tí wọ́n gé lọ sí yàrá àyẹ̀wò, tàbí tí èsì jáde tí ẹnikẹ́ni kò lọ gbà á, ta ni yóò mọ ibi tí kókó páńkíríásì ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ti wá? Lójú tèmi, àlàfo yìí léwu ju àìsí ẹ̀rọ ìgbàlódé lọ.

Ti solitary fibrous tumor rọrùn díẹ̀ láti dá mọ̀: láti ọdún 2013 tí wọ́n ti rí ìsopọ̀ jíìnì NAB2 àti STAT6, àyẹ̀wò STAT6 ti ń tètè tú àṣírí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ aláìsàn tí sàkómà ti tàn dé páńkíríásì wọn kì í mọ nǹkan kan lára. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń lọ ṣe lóòrèkóòrè ló ń gbé e jáde. Bó bá jẹ́ orí páńkíríásì ló wà tó sì dí ọ̀nà òróòro, ẹyin ojú á pọ́n rúsúrúsú, ìtọ̀ á dúdú, ara á máa yún. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gba inú àpòlúkù fi fa díẹ̀ lára kókó náà ló ń fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Bí kò bá sí níbòmíràn, tí kò sì yára, iṣẹ́ abẹ tọ́ sí i: irú èyí tí Allen Whipple ròyìn ní ọdún 1935 fún apá orí, tàbí kí wọ́n gé apá ìrù, lọ́pọ̀ ìgbà pẹ̀lú ọlọ inú. Ẹni tí wọ́n bá yọ gbogbo páńkíríásì rẹ̀ yóò máa gba ínsúlíìnì títí ayé. Èmi kò ní dábàá iṣẹ́ abẹ fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ ti tàn káàkiri. Doxorubicin, pazopanib tàbí trabectedin ni wọ́n sábà máa ń lò fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ní ìbámu pẹ̀lú oríṣi sàkómà náà.

Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ abẹ kókó rí, ì báà jẹ́ ìju, kó béèrè èsì àyẹ̀wò ohun tí wọ́n gé, kó tọ́jú ìwé náà, kó sì mú un dání lọ bá dókítà tuntun èyíkéyìí. Ẹ̀yin dókítà náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ béèrè rẹ̀ kí ẹ tó mú abẹ.