Odi orí òkè ilẹ̀ Tibet: ilé tí wọ́n kọ́ láìsí igi àjà

Ẹ jẹ́ ká rin ìrìn àjò díẹ̀ lọ sí Tibet, ilẹ̀ olókè tó wà lábẹ́ Ṣáínà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Íńdíà.

“Dzong” ni wọ́n ń pe odi orí òkè níbẹ̀. Láyé àtijọ́, inú rẹ̀ ni olórí àdúgbò ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ọkà ìṣákọ́lẹ̀ sí, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń ṣọ́ ọ̀tá. Púpọ̀ nínú wọn ti di ahoro.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù wà ní ìwọ̀-oòrùn, níbi tí ìjọba Zhang Zhung wà kí ọba Songtsen Gampo tó ṣẹ́gun rẹ̀ láàrin ọdún 600 sí 700. Ibẹ̀ ga ju mítà 4,500 lọ lọ́pọ̀ ibi, igi kì í sì í hù. Níbo ni wọn yóò ti rí igi àjà? Òkúta ni wọ́n fi ṣe é! Wọ́n á mọ ògiri tó nípọn, wọ́n á jẹ́ kí òkúta gígùn yọ orí látara ògiri sínú yàrá, ọ̀kan lé ọ̀kan, wọ́n á wá fi òkúta pẹlẹbẹ bo àárín. Òkúta kì í gùn bí igi, ìdí nìyẹn tí àwọn yàrá náà fi kéré, tí ẹnu ọ̀nà sì kúrú débi pé èèyàn ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé. Ará Amẹ́ríkà kan, John Vincent Bellezza, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún rìn ká ibẹ̀, ó ń wọn ògiri, ó ń ya fọ́tò.

Ní Tsaparang, olú ìlú ìjọba Guge, amọ̀ ni tiwọn. Wọ́n gbẹ́ ihò sára òkè láti fi ṣe ilé, wọ́n sì la ọ̀nà abẹ́lẹ̀ gun òkè lọ sí ààfin. Fadá Àgùdà kan, António de Andrade, dé ibẹ̀ ní 1624, ọba sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ní nǹkan bí 1630, àwọn ọmọ ogun Ladakh kó ìlú náà.

Ti Gyantse, àgbá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló dá ògiri rẹ̀ lu ní oṣù keje ọdún 1904.

Ọ̀rọ̀ Shigatse ló wá dùn mí. Wọ́n wó odi ńlá ibẹ̀ palẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Láàrin 2005 sí 2007 ni wọ́n tún un kọ́, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi kọ́ ọ, fọ́tò àtijọ́ ni wọ́n sì ń wò. Iwájú ilé nìkan ni fọ́tò ń fi hàn. Ta ló mọ bí yàrá inú ṣe rí? Ìdí nìyí tí mo fi ka iṣẹ́ ẹni tó ń fi tépù wọn ahoro sí iṣẹ́ pàtàkì, torí pé lókè lọ́hùn-ún, àwọn darandaran ṣì ń ṣa òkúta ilé àtijọ́ wọ̀nyí láti fi ṣe ọgbà ẹran.