Ọjọ́bọ̀ Kan Lórí 105.5

Aago 6 àárọ̀, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 6 oṣù kẹfà, 2019. Ìsinmi ọdún ìtúnu ààwẹ̀ parí lánàá. Ní Uselu, nílùú Bìní, ìyá télọ̀ kan ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, ó sì ti lé lógún ọdún tó ti ń ránṣọ níbẹ̀. Kó tó gbálẹ̀, kó tó ká aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó tan rédíò.

Rédíò dúdú ni, ó ti pẹ́. Eríàlì rẹ̀ ti ṣẹ́. Wáyà ni ìyá náà so mọ́ ibi tó ti ṣẹ́, ó wá na wáyà ọ̀hún lọ sára irin fèrèsé. Ó fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tí wọ́n fi ń wá ìkànnì, kí ọmọṣẹ́ má baà yí i. Téèpù náà ti pọ́n, etí rẹ̀ ti ká sókè. Abẹ́rẹ́ pupa inú dígí dúró sórí 105.5. Raypower ni.

Aago 7. Ọ̀rọ̀ òṣèlú ti gbóná. Ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn ni wọ́n búra fún Ààrẹ Buhari lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, June 12 yóò di Ọjọ́ Ìjọba Àwaarawa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìyá náà ń gé aṣọ, ó ń gbọ́.

Aago 9. Iná dé. Ẹ̀rọ ń ké, rédíò ń sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi mọ Raypower tẹ́lẹ̀, orin ni. Kó tó dé, rédíò ìjọba ló wà. Àwọn àgbà àdúgbò ṣì ń pe ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba ìpínlẹ̀ ní Rédíò Bendel, bẹ́ẹ̀ 1991 ni wọ́n ti pín Bendel sí Ẹdó àti Delta. Ìròyìn, ìkéde òkú, orin díẹ̀. Bó bá di òru, orin orílẹ̀-èdè, ó parí. Títí di 1992, ìjọba nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti ní rédíò. Ọdún 1994 ni Raymond Dokpesi tan Raypower ní Alágbàdo, l'Ékòó. Ọmọ Agenebode ní Ẹdó ni, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí. Rédíò tirẹ̀ kì í sùn. Wákàtí 24 gbáko, orin lórí orin. Orin yẹn náà ló bá a dé Bìní.

Ní 2001, fóònù alágbèéká dé. Ẹni tó ń gbọ́ rédíò wá di ẹni tó ń dá rédíò lóhùn. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn bàbá wa pè é. Orúkọ náà kò bá a mu mọ́. Díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ gba àárọ̀ mọ́ orin lọ́wọ́. Àwọn èèyàn ń pè wọlé, wọ́n ń yin ìjọba, wọ́n ń bú u, wọ́n ń sunkún owó epo. Ìyá télọ̀ rí ìyàtọ̀ náà dáadáa. "Orin la fi ń ránṣọ tẹ́lẹ̀," ló máa ń wí. "Àríyànjiyàn la fi ń rán an báyìí."

Ọ̀sán. Òwú já. Bó ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, rédíò ń sọ pé ẹni tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ bá àwọn akọ̀ròyìn sọ̀rọ̀ l'Ábújá. Ariwo ẹ̀rọ bo ìyókù mọ́lẹ̀. Òwú wọlé. Ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Aago 5 ìrọ̀lẹ́. Iná lọ. Ó ki bátìrì mẹ́rin bọ rédíò.

"Mà, ẹ jẹ́ kí n yí i síbi tí wọ́n ti ń kọrin," ọmọṣẹ́ wí.

"Má fọwọ́ kàn án."

Ìyá náà pa rédíò, ó lọ dáná.

Aago 9 alẹ́. Ó tan rédíò. Shííì.

Ó gbá a pẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Shííì. Ó gbé wáyà kúrò lára irin, ó dá a padà. Ó yọ bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi eyín tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tún kì wọ́n bọ̀ ọ́. Shííì. Ó rán ọmọṣẹ́ lọ ra tuntun. Ó kì wọ́n bọ̀ ọ́. Shííì kan náà.

Ó wá fi èékánná ṣí téèpù. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ọwọ́ ti kan ibẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó yí i dé 101.5. Bronze FM ń sọ̀rọ̀, ó mọ́ kedere. Ó yí i dé 92.7. Independent Radio náà ń sọ̀rọ̀. Ó dá a padà sí 105.5.

Shííì.

Aago 10 ku díẹ̀. Fóònù dún. Àbúrò rẹ̀ ni, láti Èkó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé Raypower ń sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ yín? Tiwa ti dákẹ́."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, l'Ábújá, Is'haq Modibbo Kawu, ọ̀gá àgbà nígbà náà ní àjọ NBC tó ń mójú tó ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, kéde pé àwọn ti gbẹ́sẹ̀ lé ìwé àṣẹ DAAR Communications, ilé iṣẹ́ tó ni Raypower àti tẹlifíṣọ̀n AIT, títí di ìgbà tí àwọn bá tún sọ̀rọ̀. Ó ní wọ́n rú òfin ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì sáfẹ́fẹ́ bó ṣe wà, wọ́n sì jẹ gbèsè owó ìwé àṣẹ. Ètò tí ẹjọ́ náà dá lé lórí jù ni Kakaaki ti AIT, tó ń jẹ́ orúkọ fèrè tí wọ́n ń fọn fún ọba. Dokpesi ti ń pariwo lọ́sàn-án pé ọwọ́ ilé Ààrẹ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́: ní 2005, lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú Bellview ní Lísà, NBC ti tì wọ́n pa rí.

Lójú tèmi, ì báà jẹ́ gbèsè, ì báà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ilé ẹjọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Kò yẹ kí ọ́fíìsì kan l'Ábújá dá ẹjọ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, kí Uselu gbọ́ ìdájọ́ lálẹ́, láìsí ẹnikẹ́ni tó ṣàlàyé.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Jímọ̀, adájọ́ Inyang Ekwo ti ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábújá pàṣẹ kí gbogbo nǹkan padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ 30 oṣù karùn-ún, kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ lé ìwé àṣẹ náà.

Bátìrì mẹ́rin tí ìyá télọ̀ yọ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Kò sí èyí tó ti kú nínú wọn.