Ìfínko: Orúkọ Tí Ó Yẹ Ẹ̀rọ Tí Àgbẹ̀ Ń Pọ̀n

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n ní ti àwọn ohun èlò tí ọkọ̀ ojú omi ń kó wá bá wa láti òkè òkun, ọmọ a ti dàgbà, a ti máa bá wa relé, a ti máa bá wa roko, kí ẹnikẹ́ni tó jókòó ro orúkọ tí ó yẹ kí a máa pè é. Ọ̀kan nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ tí àgbẹ̀ ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, tí ó fi ń fín oògùn sí ohun ọ̀gbìn. Àwọn kan ń pè é ní pọ́ǹpù, àwọn kan ní sípíréyà, àwọn mìíràn a kàn ní kí a gbé táǹkì yẹn wá. Bí ó bá sì di ọ̀ràn àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀, níbi tí rere àti búburú ẹ̀rọ náà wà gan-an, gbogbo rẹ̀ a di "èyí yẹn" àti "nǹkan ẹnu rẹ̀". Ẹni tí kò lè dárúkọ ẹ̀yà ara ohun kan ní èdè tí ó fi ń ronú, báwo ni yóò ṣe yan èyí tí ó dára nínú rẹ̀ nígbà tí ó bá dúró níwájú ẹni tí ń tà á? Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a jọ wá orúkọ náà.

Alimosho ní Èkó ni kí a ti wò ó. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ náà lónìí, èrò ọkọ̀ ní Ikotun, ariwo ọjà ní Egbeda àti ilé tí ó fara kan ilé ni yóò sọ sí i lọ́kàn, nítorí ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn tí ó lé ní 1,270,000 sí ìjọba ìbílẹ̀ náà. Síbẹ̀ ilẹ̀ àgbẹ̀ ni, ilẹ̀ Àwórì, ọmọ Ọlọ́fin Ògúnfúnminírẹ̀. Títí di òní, nínú àbàtà tí ó ṣẹ́kù láàrin ilé ní ìhà Igando, àti ní ẹ̀gbẹ́ òpópónà tí ó ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) lọ sí Isheri, àwọn kan ṣì ń kọ bẹ́ẹ̀dì tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ yòkòtò, ewédú àti ewúro, tí wọ́n ń tà á fún àwọn alọ́bẹ̀. Agege, tí kò jìnnà sí Egbeda, ni Jacob Kehinde Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbin kòkó, tí wọ́n sì dá Ẹgbẹ́ Àwọn Olóko Agege sílẹ̀ ní ọdún 1907. Kòkó pàápàá, ẹ kíyè sí i, ọ̀rọ̀ àlejò ni. Àwọn baba wa kò wá orúkọ mìíràn fún un, wọ́n yí i sí ohùn wa, ó sì di ọmọ onílẹ̀. Èmi kò sí lára àwọn tí ń fẹ́ lé gbogbo àlejò jáde nínú èdè. Pọ́ǹpù, bátìrì, wọ́ṣà, rọ́bà àti líítà ti jókòó sẹ́nu ará oko, wọn kò sì ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà; kí a fi wọ́n sílẹ̀. Orúkọ tí a ní láti ṣẹ̀dá ni ti ohun tí àìmọ̀ rẹ̀ lè ba ẹ̀fọ́ jẹ́, tàbí kí ó pa ènìyàn.

Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe kì í ṣe àlejò ní tirẹ̀. Kí ó tó dé ni àgbẹ̀ ti ń ku eérú sí ewé ilá àti ẹ̀fọ́ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, èdè wa sì ti pín iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́: ohun tí ó bá jẹ́ lẹ́búlẹ́bú, a ń ku ú, èyí tí ó bá jẹ́ hóró bí irúgbìn, a ń fọ́n ọn, omi tí a fi ọwọ́ tàbí ìgbálẹ̀ ta sílẹ̀ ní ẹ̀kán-ẹ̀kán, a ń wọ́n ọn, ṣùgbọ́n omi tí a fi agbára tì gba ihò tóóró jáde, títí ó fi tú ká bí ìrì, fín ni a ń fín in. Àwọn tí ó ti dàgbà rántí fílíìtì, agolo gbọọrọ tí a ń fi ọwọ́ tì láti fi pa ẹ̀fọn nínú yàrá. Fín ni wọ́n ń fín in, bí a ti ń fín lọ́fíńdà sí aṣọ. N kò fara mọ́ àwọn tí ń sọ pé ẹ̀rọ ìfọ́noògùn, nítorí ẹni tí ó bá gbọ́ fọ́n yóò máa retí hóró. Bí a bá sì fi "a" síwájú fín gẹ́gẹ́ bí ìlànà èdè ti gbà wá láyè, ohun tí etí yóò gbọ́ súnmọ́ àfín, ẹni Ọbàtálá; kò tọ́ kí a fi orúkọ ẹni òrìṣà pe ike. Àgbẹ̀ a máa wí pé òun fẹ́ lọ fín oko, bí ó ti ń wí pé òun fẹ́ lọ ro oko. Láti inú èyí ni ìfínko ti jáde wẹ́rẹ́ láìsí wàhálà. Àǹfààní kan sì wà lára orúkọ yìí tí mo kà sí pàtàkì jù: kò ní oògùn nínú.

Ọ̀rọ̀ oògùn yìí ni ó ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀ràn náà. Oògùn ni ohun tí ń wo ibà, oògùn ni ohun tí ìyá ń fún ọmọ rẹ̀ mu ní òru; nígbà tí a bá wá fi orúkọ kan náà pe ohun tí kòkòrò kò lè fara kàn kí ó yè, a ti mú ìbẹ̀rù kúrò lọ́kàn ẹni tí yóò lò ó. Ní àkókò tí kòkó jọba ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, Gammalin 20 ni àwọn àgbẹ̀ ń fín sí i nítorí àwọn kòkòrò tí ń mu oje ara rẹ̀. Kò sì pẹ́ tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sínú odò láti fi pa ẹja tí ènìyàn yóò jẹ, oògùn ṣáà ni wọ́n sì ń pè é. Lindane, tí í ṣe agbára inú Gammalin náà, bọ́ sára àwọn ohun tí Àdéhùn Stockholm lórí májèlé tí kì í tètè parẹ́ ní kí gbogbo ayé pa tì ní ọdún 2009. Ní ilé wa níbí, NAFDAC, àjọ tí ń ṣàmójútó oúnjẹ àti oògùn, fòfin de paraquat láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024, ó sì fòfin de atrazine ní ọdún kan lẹ́yìn náà. Àwọn méjèèjì ni a sì ń pè ní oògùn koríko láìfura. Ohun tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ń fà nínú bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́ hàn gbangba: ẹni tí ó fín oògùn koríko sí ojú ọ̀nà ní àná, yóò bu omi ṣan táǹkì náà lẹ́ẹ̀kan, yóò rọ oògùn kòkòrò sí i lónìí, yóò sì fín in sí ewédú, kí ọ̀sẹ̀ tó yí, ewédú ti rọ, a ó sì máa wá ẹni tí ó ṣe é ní ibi. Nítorí náà, apakoríko àti apakòkòrò ni kí a máa pè wọ́n. Ìbátan apànìyàn ni "apa" yìí, etí Yorùbá kì í sì í gbọ́ apànìyàn kí ó má ta gìrì. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá gbé e, kí ó ra ìfínko méjì, kí ó fi ọ̀dà kọ orúkọ ohun tí ó ń gbà sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó má sì jẹ́ kí wọ́n pàṣípààrọ̀ láé.

Àwọn ọ̀mọ̀wé wa ti ṣe gudugudu méje lórí irú iṣẹ́ yìí. Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970. Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé kìn-ín-ní Èdè Ìperí Yorùbá ní 1984, Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe ti ìkejì ní 1990. Ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ ni ìwé méjèèjì dojú kọ. Ní ti inú oko, ẹni tí ń lo ohun èlò náà ni a gbọ́dọ̀ tẹ́tí sí, bí èyí tí ó ṣẹlẹ̀ lójú mi ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ikotun ti fi hàn.

Obìnrin kan, ẹlẹ́fọ̀ọ́ láti ìhà Igando, wá ra ìfínko. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tajà gbé méjì kalẹ̀, ó ní, "Màámi, ẹ mú èyí, òun ló wà lóde." Ìyá náà kò dá a lóhùn; ó ní, "Ọmọ mi, bá mi bu omi sí méjèèjì ná." Ó fa ọwọ́ pọ́ǹpù ti èkíní títí ó fi le, ó fi ìka tọ́ ibi tí ọ̀pá ti wọ inú rọ́bà, ó wo ìka rẹ̀ bóyá ó tutù. Lẹ́yìn náà ó fín in sórí sìmẹ́ńtì gbígbẹ níwájú ilé, ó fín èkejì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo bí omi náà ti tẹ́. "Èyí ń tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀," ni ó wí, "ìyẹn ń yí bí òkòtó, àárín rẹ̀ gbẹ. Kòkòrò abẹ́ ewé ni tèmi. Òkòtó ni kí o bá mi dì." Láti ọjọ́ náà ni n kò ti wá orúkọ mìíràn mọ́ fún ihò tí omi ń gbà jáde: ẹnu abẹ̀bẹ̀ ni fún apakoríko, nítorí ó ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja ní ìwọ̀n kan náà, ẹnu òkòtó ni fún apakòkòrò, nítorí ó ń yí ìrì náà ká, tí yóò fi wọ abẹ́ ewé níbi tí kòkòrò sá sí. Ẹnu kẹta wà, èyí tí a ń fi ọwọ́ yí láti fẹ̀ ẹ́ tàbí láti fún un. Òun ni wọ́n sábà ń fi sí ara èyí tí owó rẹ̀ kéré, kò sì dára tó, nítorí kò sí ẹni tí ó lè sọ iye omi tí ń ti inú rẹ̀ jáde.

Ara tí ó ṣẹ́kù kò le. Ìfínko àpọ̀nsẹ́yìn ni ó wọ́pọ̀ jù, tí ń gba líítà 15, 16 tàbí 20. Pọ̀n ni mo wí, nítorí okùn tí ó gba èjìká wá sí iwájú, ọ̀já ni. Omi líítà 16 sì wúwo tó kílò 16 kí a tó ka ike mọ́ ọn, nítorí náà ọ̀já tí kò fẹ̀ yóò gé àgbẹ̀ léjìká kí ó tó fín bẹ́ẹ̀dì tán. Ní ti pọ́ǹpù tí a ń fi ọwọ́ fà láti ti omi, oríṣi méjì ni. Àwọn alágbẹ̀dẹ, ọmọ Ògún Alákáayé, ti ń fi awọ tí ń wú tí ń rọ̀ fẹ́ná láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ẹwìrì sì ni wọ́n ń pè é. Rọ́bà pẹlẹbẹ tí ń wú tí ń rọ̀ nínú oríṣi kan, iṣẹ́ ẹwìrì gan-an ni ó ń ṣe. Nínú oríṣi kejì, ọ̀pá kúkurú kan ń lọ sókè sódò nínú ihò tí ó gbà á géérégé, ọmọ odó nínú odó. Ọlọ́mọ-odó ń ti omi kíkan ju ẹlẹ́wìrì lọ, ó yẹ fún apakòkòrò. Ṣùgbọ́n iyanrìn àti lẹ́búlẹ́bú a máa jẹ wọ́ṣà rẹ̀. Ẹlẹ́wìrì kì í kan tó bẹ́ẹ̀, ó sì ń fara da ìdọ̀tí. Apakoríko kò nílò ju agbára rẹ̀ lọ. Ìfínko oníbátìrì tún wà, ó ń gba ọwọ́ òsì lọ́wọ́ wàhálà, omi rẹ̀ sì ń jáde ní ìwọ̀n kan náà. Ẹni tí yóò rà á kí ó wá èyí tí ó ní ọwọ́ pọ́ǹpù pẹ̀lú, nítorí ọjọ́ tí iná kò bá sí. Asẹ́ tí ó wà ní ẹnu táǹkì, kí a yọ ọ́ wò kí a tó sanwó.

Oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà, ṣùgbọ́n atẹ́gùn kò mọ ààlà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní Igando, ẹ̀yìnkùlé onílé ni ààlà oko. Ìrì tí atẹ́gùn gbé kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì lọ sí orí aṣọ tí a sá, tàbí sí orí ewúro aládùúgbò, mo pè é ní aṣáko, nítorí ó ṣáko kúrò níbi tí a rán an. Àárọ̀ kùtù tí afẹ́fẹ́ kò tíì gbóná ni kí a fín, kí a sì kọ ẹ̀yìn sí atẹ́gùn. Ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Ìwọ̀n-ìfín ni orúkọ tí mo fún iye omi tí oko kan gbà. Kí àgbẹ̀ wọn ilẹ̀ mítà 10 sí mítà 10, kí ó bu omi lásán sí ìfínko, kí ó fín in bí ó ti máa ń rìn, kí ó sì wo iye tí ó dín. Bí ó bá jẹ́ líítà 2, a jẹ́ pé líítà 200 ni hẹ́kítà kan yóò gbà. Púlọ́ọ̀tì Èkó tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 yóò sì gba líítà 13 àti díẹ̀, kò tó táǹkì kan. Ẹni tí ó mọ èyí kò ní po táǹkì méjì fún púlọ́ọ̀tì kan, kò sì ní máa fi ìdérí ìgò bu apakòkòrò bí ó ti wù ú.

Ó ku orúkọ kan. Lára ìgò apakòkòrò ni a máa ń kọ iye ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ kọjá kí a tó ká ohun tí a fín. Ó lè jẹ́ 3, ó lè jẹ́ 7, ó lè jẹ́ 14. Àwọn olùkọ́ àgbẹ̀ ń sọ pé "ẹ dúró díẹ̀", àgbẹ̀ tí alọ́bẹ̀ ń pè lórí fóònù kò sì ní dúró. Èdè wa ní ọ̀rọ̀ tí ó lágbára ju dúró lọ. Ọjọ́ èèwọ̀ ni kí a pè é: kí ẹni tí ń tajà ní Ikotun máa sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé ọjọ́ èèwọ̀ èyí jẹ́ 7, kí ẹlẹ́fọ̀ọ́ ri igi kan mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì náà, kí ó so màrìwò mọ́ ọn, kí ó má sì yọ ọ́ títí ọjọ́ yóò fi pé.