Ìtàn Mílíkíṣéèkì: Ife, Ẹ̀rọ àti Àga Ìjókòó

Nígbà tí a bá dárúkọ ìtàn, ohun tí ó sábà máa ń wá sí ọkàn àwọn ènìyàn ni ogun tí a jà, oyè tí a jẹ àti ìlú tí a tẹ̀ dó. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn ń jẹ àti ohun tí ó ń mu náà ní ìtàn, ìtàn ọ̀hún a sì máa jinlẹ̀ ju bí a ti rò lọ. Èyí tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni ti mílíkíṣéèkì, èyí tí í ṣe wàrà tútù tí a pò mọ́ áísìkirímù títí ó fi ki, tí ó sì hó lórí. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí a ti dá a sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ìlú ni ó ní ìsọ̀ kan tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń yangàn pé níbẹ̀ ni a ti ń rí ojúlówó rẹ̀ mu. Ìbéèrè méjì ni ọ̀rọ̀ yìí gbé ka iwájú ẹni. Èkíní ni pé, kí ni ó ń sọ mílíkíṣéèkì di ojúlówó? Èkejì, tí a kì í sábà bèèrè, ni pé, ta ni a gbà láàyè láti jókòó mu ún?

Ìbẹ̀rẹ̀ Rẹ̀

Ní ọdún 1885 ni a ti rí orúkọ mílíkíṣéèkì nínú ìwé títẹ̀. Nígbà náà, kì í ṣe ohun tí a lè gbé fún ọmọdé. Wàrà ni, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹyin àti ọtí wisikí wà nínú rẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń mì ín pọ̀. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún yóò fi wọlé, àwọn olùtà ti ń yọ ọtí kúrò, wọ́n sì ń fi omi dídùn ṣokoléètì tàbí fànílà rọ́pò rẹ̀. Báyìí ni ohun mímu àgbàlagbà ṣe di ohun mímu tọmọdé tàgbà.

Àmọ́ kò sí bí a ti lè ṣe mílíkíṣéèkì òde òní láìsí áísìkirímù, bẹ́ẹ̀ ni kò sí áísìkirímù láìsí omi dídì. Ní ayé ìgbà náà, inú adágún omi ni àwọn ará àríwá Amẹ́ríkà ti ń gé omi dídì ní ìgbà òtútù, wọn a sì fi èérún pákó bò ó kí ó má baà yọ́ títí di ìgbà ooru. Ní ọdún 1843, obìnrin kan tí ń jẹ́ Nancy Johnson gba ìwé ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ìjọba fún garawa kan tí a ń fi ọwọ́ yí láti mú kí wàrà dì. Ní ọdún 1851, Jacob Fussell, tí ó ń ta wàrà ní ìlú Baltimore, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rá wàrà tí ó ṣẹ́ kù lórí àtẹ rẹ̀ ṣe áísìkirímù lọ́pọ̀ yanturu. Láti ìgbà náà ni ohun tí ó jẹ́ oúnjẹ ọlọ́rọ̀ nìkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù.

Ẹnìkan tún wà tí kò yẹ kí á gbàgbé. Alfred L. Cralle ni orúkọ rẹ̀, ènìyàn dúdú ni, iṣẹ́ alágbàṣe ni ó sì ń ṣe ní ìlú Pittsburgh. Ó kíyè sí i pé áísìkirímù a máa lẹ̀ mọ́ ṣíbí, tó bẹ́ẹ̀ tí olùtà fi ní láti lo ọwọ́ méjèèjì láti bù ú. Ó jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, ó sì ṣe ohun ìbu-áísìkirímù tí ọwọ́ kan lè lò. Ìjọba fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní ọjọ́ 2, oṣù Kejì, ọdún 1897. Kí á fi orúkọ rẹ̀ sọ́kàn, nítorí yóò wúlò níwájú.

Ìlú Racine

Bí a bá ń wá ìlú tí mílíkíṣéèkì ti gba agbára, Racine ni, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Ibẹ̀ ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, James àti William Horlick, tí wọ́n ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, fìdí iṣẹ́ wọn kalẹ̀ sí. Ní ọdún 1873 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pọ̀ ní Chicago kí wọ́n tó kó lọ sí Racine. Wọ́n mú ọkà bálì tí a rẹ títí ó fi hù, wọ́n pò ó mọ́ ìyẹ̀fun àlìkámà, wọ́n sì fi wàrà gbígbẹ kún un. Ọdún 1883 ni wọ́n gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ọwọ́ àti aláìsàn ni wọ́n ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n àwọn tí ara wọn le pàápàá fẹ́ràn adùn rẹ̀. Àwọn ìdílé tí agolo Horlicks ti wà lórí tábìlì wọn nílẹ̀ Yorùbá mọ adùn tí à ń wí.

Ní Racine yìí kan náà ni a ti dá ilé iṣẹ́ Hamilton Beach sílẹ̀ ní ọdún 1910. Ní ọdún kejì rẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan jáde tí iná mànàmáná ń yí. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ó ti òkè sọ̀ kalẹ̀ sínú ife onírin, tí ó sì ń pò ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kíákíá. Ní ọdún 1922, Stephen Poplawski, tí a bí ní ilẹ̀ Poland tí ó sì ń gbé ní Racine, gba ìwé ẹ̀tọ́ fún ẹ̀rọ tirẹ̀, èyí tí abẹ rẹ̀ wà ní ìdí ife. Ọmọ ìyá ni ìyẹ̀fun àti ẹ̀rọ wọ̀nyí, nítorí kí á lè pò irú ìyẹ̀fun Horlick yìí mọ́ wàrà ni ó mú kí wọ́n máa wá ẹ̀rọ tí ó dára.

Ní ọdún 1922 yìí náà ni ilé iṣẹ́ Walgreens sọ pé òṣìṣẹ́ wọn kan ní Chicago, Ivar Coulson, bu áísìkirímù fànílà sínú wàrà àti ìyẹ̀fun ọkà tí wọ́n ti ń tà tẹ́lẹ̀. Àwọn ènìyàn sì rọ́ wá. Àkókò náà sì bọ́ sí i, nítorí láti ọdún 1920 títí di 1933, òfin ka títa ọtí líle léèwọ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Àwọn tí ó ti máa ń pàdé nílé ọtí wá ibòmíràn lọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ wọn lọ ni ìsọ̀ ẹlẹ́rìndòdò tí ó máa ń wà nínú ilé ìtà oògùn, níbi tí wọ́n ti tẹ́ káńtà gígùn, tí wọ́n sì to àga gíga sí iwájú rẹ̀. Ibẹ̀ di ojúde ìlú. Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́ ti ń rí ọ̀rẹ́, tí òṣìṣẹ́ ti ń sinmi.

Àga Tí A Kò Fún Ènìyàn Dúdú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Ní gúúsù Amẹ́ríkà àti ní àwọn ibòmíràn pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ náà burú ju èyí lọ, nítorí ẹni tí kò rí i mu kò ṣaláìní owó. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àga ni a kò fún un. Ènìyàn dúdú lè ra oògùn nínú ilé ìtà oògùn kan náà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jókòó sí ibi káńtà tí a ti ń ta nǹkan mímu. Bí a bá tilẹ̀ tà fún un, kí ó gbé e jáde ni. Àwọn tí wọ́n ń lo irú ohun ìbu-áísìkirímù tí Alfred Cralle pilẹ̀ ṣe kò ní gbà kí Alfred Cralle jókòó níwájú wọn.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 23, oṣù Kẹfà, ọdún 1957, ọkùnrin 4 àti obìnrin 3 wọ ìsọ̀ Royal Ice Cream ní ìlú Durham, ní ìpínlẹ̀ North Carolina. Douglas Moore, àlùfáà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ni ó ṣáájú wọn. Àárín àdúgbò àwọn ènìyàn dúdú ni ìsọ̀ náà wà, síbẹ̀ a ti pààlà sí inú rẹ̀, ẹnu ọ̀nà àwọn funfun sì yàtọ̀ sí ti àwọn dúdú. Àwọn 7 yìí lọ jókòó ní apá ti àwọn funfun, wọ́n ní kí a ta nǹkan fún àwọn. Wọ́n ní kí wọ́n dìde, wọn kò dìde. Ọlọ́pàá kó wọn, ilé ẹjọ́ sì bu owó ìtanràn lé wọn pé wọ́n wọ ibi oníbi láìgbàṣẹ. Nígbà tí wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní ìpínlẹ̀ náà tún dá wọn lẹ́bi ní ọdún 1958. Kì í ṣe gbogbo àgbà láàárín àwọn ènìyàn dúdú Durham ni inú wọn dùn sí ohun tí wọ́n ṣe; àwọn mìíràn rò pé àkókò kò ì tíì tó.

Ṣùgbọ́n a kì í dá ojú àgbàrá padà. Ní oṣù Keje, ọdún 1958, àwọn ọ̀dọ́ ìlú Wichita, ní ìpínlẹ̀ Kansas, jókòó sí ibi káńtà ilé ìtà oògùn Dockum. Wọn kò jà, wọn kò pariwo, wọ́n kàn ń padà wá ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta, àdánù tí ń bá ọjà mú kí ilé ìtà oògùn náà gbà láti máa ta nǹkan fún wọn. Ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹjọ, ọdún kan náà, Clara Luper, tí í ṣe olùkọ́ ilé ìwé ní Oklahoma City, kó àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ 13 lọ sí ilé ìtà oògùn Katz. Ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n béèrè. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, Katz ṣí káńtà rẹ̀ sílẹ̀ fún tẹrú-tọmọ.

Ní ọjọ́ 1, oṣù Kejì, ọdún 1960, akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì 4 ní ìlú Greensboro ra nǹkan wẹ́wẹ́ nínú ilé ìtajà Woolworth, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí pé wọ́n sanwó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ jókòó sí ibi tí a ti ń jẹun. Ọgbọ́n wà nínú ohun tí wọ́n ṣe yìí. Ilé ìtajà tí ó gba owó wọn ní káńtà kan, kí ni yóò wí tí kò fi ní gbà á ní káńtà kejì? Àwọn ọ̀dọ́ ní ìlú púpọ̀ tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú jáde ní ọjọ́ 2, oṣù Keje, ọdún 1964, ó ka àwọn ibi tí a kò gbọdọ̀ ti ya ènìyàn sọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dárúkọ ìsọ̀ ẹlẹ́rìndòdò pọ̀ mọ́ ilé oúnjẹ.

Ojúlówó Rẹ̀ Lóde Òní

Kí òfin náà tó jáde ni nǹkan ti ń yí padà nínú òwò yìí. Ní ọdún 1954, Ray Kroc, tí ó ń ta ẹ̀rọ tí ń pò ife 5 lẹ́ẹ̀kan náà, gbọ́ pé ìsọ̀ kan ṣoṣo ní San Bernardino ń lo 8 nínú ẹ̀rọ náà. Ó lọ wò ó, ó sì rí bí àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò McDonald ti ń yára tajà. Láti ibẹ̀ ni òwò oúnjẹ kíákíá ti gbilẹ̀. Àwọn olówò ńlá wá ń lo ẹ̀rọ tí ó ń tú àpòpọ̀ dídì jáde láti inú rẹ̀, àwọn káńtà inú ilé ìtà oògùn sì ń kógbá sílé.

Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ adùn rẹ̀ fi ń wá àwọn ìsọ̀ kéékèèké kiri. Àmì ojúlówó kò ṣòro. Kí áísìkirímù pọ̀ ju wàrà lọ, kí wàrà náà sì jẹ́ èyí tí a kò yọ ọ̀rá rẹ̀. Kí ife onírin tutù. Kí a má pò ó pẹ́ jù, nítorí bí ẹ̀rọ bá ti ń yí ni áísìkirímù ń yọ́. Olùtà tí ó mọ iṣẹ́ a da ife gíláàsì kún, a sì gbé èyí tí ó kù nínú ife onírin tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Àmì tí ó kẹ́yìn kò sí nínú ife rárá. Ó wà nínú àga tí ó wà níwájú káńtà, àti nínú ẹni tí ó lè jókòó sórí rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni ní kí ó dìde. Olùkọ́ kan àti àwọn ọmọdé, àlùfáà kan àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ni wọ́n ra àga náà, ìtìjú àti owó ìtanràn ni wọ́n sì fi rà á. Kókó tí ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ jíròrò lé lórí ni pé, àwọn àga wo ni ó wà ní àyíká tiwa tí owó ẹni lè dé, ṣùgbọ́n tí a kò ì tíì gbà kí ẹni náà jókòó lé?