Ilé iṣẹ́ alájà: bí Singapore ṣe ń wá ṣọ́ọ̀bù fún àwọn oníṣẹ́ kéékèèké lórí erékùṣù

Erékùṣù ni Singapore, ilẹ̀ rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi 730 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ. Pápákọ̀ òfurufú, èbúté, ilé gbígbé, títì àti bárékè ológun, gbogbo wọn ló ń du ilẹ̀ kan náà. Níbi tí ilẹ̀ ti wọ́n báyìí, ibo ni ẹni tó ń tún mọ́tò ṣe, tó ń kan àga tàbí tó ń ṣe oúnjẹ inú ọ̀rá máa ti rí ṣọ́ọ̀bù tí apá rẹ̀ ká? Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ṣe é, àti ibi tó ti fẹ́ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀?

Ní 1960, àìríṣẹ́ṣe gbilẹ̀ ní Singapore. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán ikọ̀ kan lọ síbẹ̀. Albert Winsemius, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ orílẹ̀-èdè Netherlands, ló ṣáájú ikọ̀ náà. Ní 1961, ìjọba dá àjọ Economic Development Board sílẹ̀. Goh Keng Swee, tó jẹ́ mínísítà ètò ìṣúná, ló tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n sọ irà Jurong di àdúgbò ilé iṣẹ́. Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà pé owó ló ń dà sómi. Ní 1968, wọ́n dá Jurong Town Corporation sílẹ̀, òun ni gbogbo èèyàn mọ̀ sí JTC lónìí.

Òfin gbígba ilẹ̀ tí wọ́n ṣe ní 1966 tún fún ìjọba lágbára láti gba ilẹ̀ fún àǹfààní ará ìlú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọwọ́ ìjọba ni èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà wà.

Kí ni ilé iṣẹ́ alájà?

Kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ayálégbé pọ̀ sí, àmọ́ iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, wọn kì í sùn síbẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀. Gbogbo wọn ló jọ ń lo lífìtì ńlá tó ń gbẹ́rù, ibi tí ọkọ̀ ti ń já ẹrù, àti ibi ìgbọ́kọ̀sí. Oníṣẹ́ kékeré kò ní láti ra ilẹ̀, kò sì ní kọ́lé. Rẹ́ǹtì ló máa san.

Iṣẹ́ tí kì í pariwo tí kì í sì í rùn ló bá irú ilé yìí mu: ìránṣọ, ìtẹ̀wé, títo ẹ̀rọ kéékèèké pọ̀. Fún àwọn mẹkáníìkì, ṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tó tò léra wọn ni wọ́n kọ́, bíi ti àdúgbò Sin Ming.

HDB, àjọ tó ń kọ́ ilé gbígbé fún ará ìlú, náà kọ́ irú ṣọ́ọ̀bù yìí. Nígbà tí ìjọba ń wó àwọn abúlé àti àwọn àtíbàbà táwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń lò, ibẹ̀ ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Ẹni tí wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rí ibi tó lè gbé irinṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ìjọba tà á ńkọ́?

Ní 2008, JTC ta ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé yìí fún Mapletree, owó náà sì tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.7 dọ́là Singapore. Ní 2010, wọ́n gbé Mapletree Industrial Trust lọ sórí ọjà ìpín ìdókòwò. Láti ìgbà náà, àwọn tó ra ìpín ń retí èrè, inú rẹ́ǹtì ni èrè ọ̀hún sì ti ń wá.

Láàárín ọdún díẹ̀ tó tẹ̀ lé e, rẹ́ǹtì ilé iṣẹ́ fò sókè káàkiri erékùṣù náà. Àwọn oníléeṣẹ́ kéékèèké fi igbe ta. Òótọ́ ni pé títà ilé nìkan kọ́ ló fà á, torí àwọn olówó náà ń ra ṣọ́ọ̀bù láti fi jèrè. Àmọ́ ẹni tó ń sanwó òṣìṣẹ́ mẹ́fà kò ráyè wádìí ìdí. Bó ṣe máa san tọdún tó ń bọ̀ ló ń rò.

Kí ni wọ́n wá ṣe?

Ní 2012, ìjọba dín ọdún tó pọ̀ jù tí wọ́n ń ta ilẹ̀ ilé iṣẹ́ fún kù láti 60 sí 30, kí owó ilẹ̀ lè wálẹ̀. Ní 2013, wọ́n gbé owó orí lé ẹni tó bá ra ṣọ́ọ̀bù tó sì tà á kó tó pé ọdún mẹ́ta. Bó bá tà á láàárín ọdún àkọ́kọ́, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ló máa san. Ní 2018, HDB kó ṣọ́ọ̀bù tó tó 10,700 fún JTC, kó lè jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo ni oníṣẹ́ kékeré á máa lọ.

Òfin lílò náà wà: ó kéré tán, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àyè ibẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti iṣẹ́ ṣíṣe gan-an. Wọ́n tún kọ́ ilé fún iṣẹ́ kan pàtó, bíi JTC Food Hub ní Senoko, níbi táwọn tó ń ṣe oúnjẹ ti jọ ń lo yàrá òtútù.

Kí la lè rí dì mú?

Kíkọ́ ṣọ́ọ̀bù ló rọrùn jù níbẹ̀. Ohun tó le ni pé kí rẹ́ǹtì rẹ̀ má kọjá agbára ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ọ, lẹ́yìn ogún ọdún tàbí ọgbọ̀n. Ọwọ́ ẹni tó ni ilé náà nìyẹn wà. Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń ṣèlérí ṣọ́ọ̀bù olówó pọ́ọ́kú fún oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: ta ni lanlọ́ọ̀dù, ṣé ó lè tà á, kí sì ni ìwé àdéhùn sọ nípa rẹ́ǹtì bó bá tà á?