Owó Lórí Fóònù ní Ìgboro Ìbàdàn

Owó lórí fóònù ni owó tí a ń gbà, tí a ń san tàbí tí a ń tọ́jú nípasẹ̀ fóònù, káàdì tàbí ẹ̀rọ POS, láìfọwọ́ kan owó bébà. Ní Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Mápó àti Bẹ́yẹrúnkà, àwọn kan ti gbà á mọ́ra, àwọn kan ń sá fún un, àwọn mìíràn sì ń gbà á lọ́sàn-án kí wọ́n tó lọ sọ ọ́ di bébà nírọ̀lẹ́.

Ohun tó ti wà nílẹ̀

Àjọ àti èésú ló ṣáájú. Alájọ a máa ká ìsọ̀ kiri, a gba owó ojúmọ́, a fàmì sí káàdì. Bí oṣù bá parí, a kó owó fún olówó, a sì yọ ti ọjọ́ kan fún iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí a mọ agboolé rẹ̀ ni: bí ó bá sá, a mọ ilẹ̀kùn tí a ó kàn.

Ìdí tí wọ́n fi gbà á

Láti 2011 ni owó ti ń ti báńkì kan bọ́ sí òmíràn lójú ẹsẹ̀. Ní 2013, Báńkì Àpapọ̀ gbé ìlànà kalẹ̀ fún aṣojú báńkì láàrin àdúgbò. Nígbà tó yá, àwọn oní-POS hù lábẹ́ agboòrùn. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n owó ló ti ọ̀pọ̀ wọlé. Ní oṣù Kẹwàá 2022, Báńkì Àpapọ̀ kéde pé 200, 500 àti 1,000 náírà yóò pààrọ̀ àwọ̀. Nígbà tó fi di oṣù Kejì 2023, owó bébà ti wọ́n bí ojú. Aláta tí kì í gba tiransifáà tẹ́lẹ̀ kọ nọ́ńbà àkáǹtì mọ́ páálí, nítorí ata kò lè dúró de Báńkì Àpapọ̀ kí ó má jẹrà. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dá owó àtijọ́ padà ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, àmọ́ páálí ò kúrò nílẹ̀ mọ́.

Ìdí tí wọ́n fi ń sá fún un

Àkọ́kọ́ ni ayédèrú álẹ́ẹ̀tì.

“Mo ti fi ránṣẹ́, màmá.”

“Oníbàárà mi, ẹ dúró kó dún ná.”

Fóònù ò dún, èrò ń pọ̀ sí i, ọjà há sáàárín àwọn méjèèjì. Èkejì ni owó tí wọ́n ń yọ lára tiransifáà: Òfin Ìṣúná 2020 gbé 50 náírà lé owó tó bá tó 10,000. Ẹ̀kẹta, àgbà tí kò mọ̀wé kà ní láti sọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ fún ọmọ-ọmọ; àṣírí ti tú nìyẹn.

Síbẹ̀, oní-POS rí ojú rere nítorí pé ó jọ alájọ: ó lójú, ó nílé. Ẹ̀rọ lè jẹ́ tuntun. Ọwọ́ ẹni tí a lè lọ bá nígbà tí owó bá há ni ìgboro ṣì ń fi owó rẹ̀ sí.