Parakou, Oríta Ilẹ̀ Borgu: Ìwádìí lórí Ilẹ̀, Ìtàn àti Àṣà Rẹ̀

Ẹni tí ó bá fi etí òkun Kútọnu sílẹ̀, tí ó doríkọ àríwá, tí ó gba Bohicon, Ìdáàṣà, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Tchaourou kọjá, yóò ti rin ìrìn tí ó lé ní 400 kìlómítà kí ó tó wọ Parakou, olú ìlú ẹkùn Borgou àti ìlú tí ó tóbi jù lọ ní apá òkè orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí ìkànìyàn ọdún 2013 ti rí ènìyàn 255,478. Ilẹ̀ tí ìlú náà jókòó lé fi nǹkan bí 350 mítà ga ju òkun lọ. Ọ̀dàn ni, igi èmí àti igi igbá ni ó pọ̀ níbẹ̀. Ìgbà òjò kan ṣoṣo ni wọ́n ní lọ́dún, láti nǹkan bí oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹwàá, kí ọyẹ́ tó dé. Iṣu, àgbàdo, òwú àti kajú ni àgbẹ̀ ibẹ̀ gbójú lé, omi tí ará ìlú ń mu sì ń wá láti odò Okpara tí a sé ní ìhà ìlà-oòrùn. Kò sí odò tí ọkọ̀ ojú omi lè ná níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òkè gíga tí ará ìlú lè sá gùn nígbà ogun. Ọ̀nà ni ó kó ènìyàn jọ sí Parakou, èrò mi sì ni pé àwọn òpìtàn ilẹ̀ Borgu ti tọ ipasẹ̀ ẹṣin àwọn ọlọ́lá ju ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àwọn oníṣòwò lọ.

Kí àwọn òyìnbó tó dé, láti ilẹ̀ Haúsá ni àwọn alájàpá ti ń kó kán-ún, aṣọ, awọ àti ẹrú bọ̀, tí wọ́n ń sọdá odò Ọya ní agbègbè Busa, tí wọ́n ń gba Nikki, Parakou àti Djougou kọjá lọ sí Salaga ní ilẹ̀ Gonja láti ra obì gbàǹja. Bí wọ́n bá sì ń padà bọ̀, obì tí a fi ewé tútù dì ni ó ń kún ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọn. Irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kò ṣe é rìn láìní onílé lójú ọ̀nà. Ní Parakou, àdúgbò Maro ni àwọn Wangara tẹ̀dó sí, Mùsùlùmí tí ọ̀pọ̀ ìdílé wọn ṣẹ̀ wá láti ilẹ̀ Mande, àwọn ni ó sì ń gba èrò sílé: wọn a tọ́jú ẹrù rẹ̀, wọn a wá oníbàárà fún un, wọn a dúró fún un níwájú ọba, wọn a sì gba ẹ̀tọ́ wọn lórí ọjà tí a bá tà. Denise Brégand kọ ìwé odidi lórí àwọn Wangara wọ̀nyí ní 1998, ó sì ṣe wá lóore, nítorí Jacques Lombard tí ó ṣáájú rẹ̀ ní 1965, bí iṣẹ́ rẹ̀ ti jinlẹ̀ tó, ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́lá ni ó jẹ ẹ́ lógún jù.

Ọlọ́lá náà ni àwọn Wasangari, akọni orí ẹṣin, ọmọ a-gorí-gàárì-sọ̀rọ̀, tí ìtàn wọn so wọ́n mọ́ Kisra tí ó ti ìlà-oòrùn wá, tí wọ́n sì dá ìjọba sílẹ̀ ní Busa, ní Nikki àti ní ìlú mìíràn. Ọba Parakou, tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Kobourou, wà lára ìjọba àwọn ẹlẹ́ṣin yìí. Èrò lójú ọ̀nà a máa san owó ibodè fún ọba kí ọ̀nà lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹlẹ́ṣin kan náà tí ó yẹ kí wọ́n ṣọ́ ọ̀nà ni wọ́n tún máa ń dá èrò lọ́nà, ọ̀ràn tí ó jọ bí ẹni tí ó fi ọ̀bọ ṣọ́ oko àgbàdo.

Ìbàrìbá, orúkọ tí a ń pe àwọn ará Borgu wọ̀nyí, kò ṣàjèjì sí etí ọmọ Yorùbá. Nígbà tí Nupe lé Aláàfin Onígbogi kúrò ní Ọ̀yọ́, ilẹ̀ Borgu ni ó sá sí. Nígbà tí Aláàfin Olúẹ̀wù sì ń bá Ìlọrin jà ní nǹkan bí ọdún 1835, Elédùwẹ̀, ọba Borgu, ni ó kó ẹlẹ́ṣin wá ràn án lọ́wọ́, àwọn méjèèjì sì bá ogun náà lọ.

Bí mo bá fẹ́ wá ibi tí a lè fi Parakou wé, erékùṣù Sísílì láàárín òkun Mẹditaréníà ni ọkàn mi ń lọ sí, níbi tí àwọn Fònísíà, Gíríìkì àti Róòmù ti tẹ̀lé ara wọn, tí àwọn Lárúbáwá gúnlẹ̀ sí ní 827, tí àwọn Norman sì gba Palermo lọ́wọ́ wọn ní 1072.  Ṣùgbọ́n ní Sísílì, idà ni ó gbé èdè Lárúbáwá dé. Ní Parakou, ọba ń sọ Baatonu, èdè Ìbàrìbá, ìjọba òde òní ń sọ Faransé, síbẹ̀ Dendi ni ọjà ń ná, èdè tí ó bá ti Songhay tan, tí ó ti etí odò Ọya wá pẹ̀lú àwọn oníṣòwò. Songhay fúnra rẹ̀ ti fọ́ lọ́wọ́ ọmọ ogun Mòrókò ní 1591, ìjọba rẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù sì sá sí ilẹ̀ Dendi. Ogun kan kò gbé èdè yìí dé Parakou. Ẹrù àti àdéhùn ni ó gbé e dé.

Ní oṣù kọkànlá 1894, Lugard ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sáré dé Nikki láti gba ìwé àdéhùn. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí Decoeur, ọmọ Faransé, fi dé láti gba tirẹ̀. Lọ́jọ́ 14 oṣù kẹfà 1898, wọ́n pín Borgu sí méjì ní ìlú Paris: Nikki àti Parakou bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Busa àti Kaiama bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bio Guéra, tí ó kọ̀ láti tẹrí ba fún Faransé, kú sójú ìjà ní oṣù kejìlá 1916, gbàgede kan ní Parakou sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí. Ọdún náà gan-an ni a bí Hubert Maga ní Parakou, ẹni tí ó di ààrẹ àkọ́kọ́ orílẹ̀-èdè Dahomey, tí ó ń jẹ́ Benin lónìí, ní 1960.

Ohun tí Faransé ṣe tí ó kan ìlú jù ni ojú irin. Láti Kútọnu ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1900, tí ó dé Ṣábẹ̀ẹ́ ní 1911, tí ó sì dé Parakou ní 1936. Odò Ọya ni wọ́n ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n Parakou ni irin tán sí, lẹ́yìn kìlómítà 438, àìparí iṣẹ́ yìí sì ni ó sọ ìlú di ọlọ́rọ̀: ibẹ̀ ni a ti ní láti já ẹrù Niger sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú irin sínú ọkọ̀ akẹ́rù, ẹ̀pà Niger náà a sì gba ibẹ̀ bọ̀ wá sí etí òkun. Iléeṣẹ́ àjùmọ̀ni tí Dahomey àti Niger dá sílẹ̀ ní 1959 ni ó bójú tó ìrìn yìí nígbà náà. Onílé Maro àtijọ́ ìbá mọ iṣẹ́ náà dunjú, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ náà ni. Lónìí ọkọ̀ ojú irin kò fi bẹ́ẹ̀ rìn mọ́, ọkọ̀ akẹ́rù ni ó gba ipò rẹ̀. Yunifásítì tí a dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2001 sì ń fa èrò mìíràn wá.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ọlá ẹlẹ́ṣin ní kíkún, kí ó lọ sí Nikki lásìkò ọdún Gaani, níbi tí kàkàkí ti ń dún, tí ẹṣin sì ń jó nínú aṣọ. Ọlá ti Parakou wà ní ọjà Arzéké. Nítorí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà, Ìbàrìbá ń gbé iṣu tí yóò di iyán débẹ̀, obìnrin Fúlàní ń gbé wàrà wá, Yorùbá láti Ṣábẹ̀ẹ́, láti ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àti láti Ìlọrin ń tẹ́ aṣọ. Dendi ni wọ́n fi ń dúnàádúrà, a di ìgbà tí ọ̀ràn bá dé iwájú adájọ́ kí wọ́n tó lọ wá ẹni tí ó gbọ́ Faransé.